Òwú Inú Àyà

Ẹni tó ti ń ran òwú láti ìgbà tí kò tíì ga tó kẹ̀kẹ́,
òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.
Èmi Ismenia ni mò ń bá wí.

Eleuterio ọkọ mi máa ń rẹ́ irun ọgọ́jọ àgùntàn lóòjọ́
ní oko àwọn Goycolea, lẹ́yìn Puerto Natales,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti kọ́ igi ní ìtẹríba.
Ẹ̀jẹ̀ kì í ta lára ọ̀kankan.
Kó tó di pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó:
àtàǹpàkò lórí ìfábẹ̀lá, tọ̀sán-tòru,
owó tí ẹnikẹ́ni kò san fún un.

A wọ bàálù lọ sí Santiago.
Wọ́n fá orí rẹ̀ kodoro; ó rẹ́rìn-ín,
ó ní, "Ismenia, ó kàn mí nínú agbo."
Wọ́n lu ihò méjì sí i lórí, ojú rẹ̀ là kedere,
wọ́n ní kó máa ka oṣù láti ẹ̀yìn wá síwájú.
Ó ka Ọ̀pẹ, ó ka Bélú, ó ka Ọ̀wàrà;
kó tó kan Ọ̀wẹwẹ̀, ọwọ́ náà ti sinmi.
Wáyà méjì, wọn kò ki ju òwú ìbọ̀sẹ̀ lọ,
gba ẹ̀yìn etí, gba abẹ́ awọ ọrùn,
sọ̀kalẹ̀ sínú àpótí pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ èjìká:
bátìrì, ó tó ọṣẹ tí a ti fọwọ́ dé ìdajì.

Fún oṣù mẹ́wàá ó dá bọ́tìnnì ara rẹ̀ de.
Ó gbé ife máté láìdà á sí mi lẹ́sẹ̀.
Ó tilẹ̀ rẹ́ irun abo àgùntàn kan;
àgùntàn náà jáde bí ẹni tí onígbàjámọ̀ ọ̀mùtí gé irun fún.
A rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà òtútù dé, owó kíkà tún bẹ̀rẹ̀.
Mo ní àrùn náà ló borí.
Dókítà ní Punta Arenas ní bóyá bátìrì ló kú.
Ó gbé ẹ̀rọ lé e láyà: bátìrì ń bẹ láàyè,
ó ń ké sí ibi tí kò sí ẹni tó ń dáhùn.
Ìgbà tí wọ́n ya àwòrán inú àyà rẹ̀ ni mo tó rí i.
Àpótí náà ti yí lábẹ́ awọ, ó yí, ó tún yí,
wáyà ká jọ bí òwú lára ìrànwú mi,
mo ka ìlọ́po mẹ́rìnlá,
ó sì já lẹ́yìn etí.

"Ta ló ń yí i?" ni dókítà obìnrin náà bi wá.
Eleuterio ní òun kọ́. Kò purọ́.
Ọwọ́ òsì ni. Ní àṣálẹ́, nídìí sítóòfù,
bí rédíò bá ń ka iye owó irun àgùntàn,
ọwọ́ náà á yọ́ wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì,
á máa yí nǹkan, bí ọmọdé ṣe ń yí bọ́tìnnì ìyá rẹ̀.
Ó ti rù; àpò awọ náà ti fẹ̀ ju ẹrù inú rẹ̀ lọ.
Mo rí i. Mo pè é ní ara yíyún.
Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí;
ojú tèmi wà lára kẹ̀kẹ́.
Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé
òwú tí a bá lọ́ kọjá bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ ní í ká mọ́,
lẹ́yìn náà ní í já.

Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n rán àpótí náà mọ́ ẹran àyà.
Mo béèrè irú okùn tí wọ́n lò; wọ́n wò mí bákan.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ojú ọgbẹ́ pọ́n, ó gbóná bí búrẹ́dì tuntun.
Wọ́n ní ká dúró: bí oògùn bá borí kòkòrò, ó dáa;
bí kò bá borí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò yọ, títí dé inú orí,
nígbà tó bá sì yá, a ó tún padà wá ka oṣù.

Nínú yàrá tí a háyà lẹ́bàá ọsibítù, wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà.
Ọwọ́ ọ̀tún ń kà.
Mo yọ ìdì irun àgùntàn kan nínú báàgì mi,
mo fi í sáàárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá rẹ̀,
mo ní, bí o kò bá ní dẹ́kun, kúkú bá mi ran èyí.
Òwú náà ń jáde ní kókó-kókó, ibì kan ki, ibì kan tín-ín-rín.
Kò tíì já.
Mo ti ká gígùn apá kan.